Ẹ̀kọ́ Kọkànlá: Nígbà tí Ẹ̀rọ Bá Ń Yan Ènìyàn

Nínú ẹ̀kọ́ kẹwàá, a kọ́ bí a ti ń ka nọ́ńbà orí tẹlifóònù, àti bí a ti ń ka iṣẹ́ tí wọ́n bá rán sí wa lórí rẹ̀. Lónìí a óò ka ọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ tí ó ń yan ènìyàn, àti nípa òfin tí ó yẹ kí ó máa ṣọ́ ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà bà yín lẹ́rù. Ẹni tí ó bá mọ bí a ti ń pín ẹran iléyá kí ìjà má bàa bẹ́ sílẹ̀ yóò mọ ohun tí a ń sọ.

Ẹ kà á díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá kan ọ̀rọ̀ tí ó le, ẹ wo òpin ẹ̀kọ́ náà. Ìtumọ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀.

1. Ìyá Ẹlẹ́kọ àti Bàbá Àgbẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo abúlé kan ní ilẹ̀ Tógò, ní òpin ọdún 2020. Àárọ̀ ni. Ìyá Ẹlẹ́kọ pàdé Bàbá Àgbẹ̀ ní ẹ̀bá ọ̀nà.

Ìyá Ẹlẹ́kọ: Bàbá, ẹ kú àárọ̀ o.

Bàbá Àgbẹ̀: Ẹ kú àárọ̀, ìyá. Ẹ kú ọjà. Ṣé àwọn ọmọ jí dáadáa?

Ìyá Ẹlẹ́kọ: Wọ́n jí o. Bàbá, ǹjẹ́ ẹ gbọ́ pé owó ìjọba ti wọlé sórí tẹlifóònù ìyàwó aládùúgbò wa?

Bàbá Àgbẹ̀: Mo gbọ́. Tèmi náà ti wọlé. Tiyín ńkọ́?

Ìyá Ẹlẹ́kọ: Tèmi kò wọlé. Mo tẹ nọ́ńbà tí wọ́n ní kí a tẹ̀. Ohun tí mo rí kà ni pé n kò sí lára àwọn tí a yàn.

Bàbá Àgbẹ̀: Ta ni ó sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?

Ìyá Ẹlẹ́kọ: Ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́. Ẹ̀rọ ni ó kọ ọ́.

Bàbá Àgbẹ̀: Ẹ lọ bá baálẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́kọ: Mo ti lọ. Baálẹ̀ ní òun kọ́ ni òun kọ orúkọ. Mo lọ bá ọmọ tí ó ń ta káàdì. Òun náà ní òun kò mọ̀.

Bàbá Àgbẹ̀: Háà! Ìyá, èmi rí jẹ jù yín lọ, ẹ̀yin sì ni wọ́n fò dá. Bí a bá yan ènìyàn, ó yẹ kí á rí ẹni tí ó yàn.

A fi ojú inú wo ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ni. Ṣùgbọ́n ètò owó tí wọ́n ń sọ kì í ṣe àlá. Ó ṣẹlẹ̀ ní Tógò lóòótọ́. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ọ.

2. Owó Novissi

Ní ọdún 2020, àrùn kòrónà dé. Ìjọba Tógò ní kí àwọn ènìyàn dín ìrìn kù, kí wọ́n má sì jáde ní òru. Ẹni tí ó ń gba owó oṣù lè jókòó sílé. Ṣùgbọ́n alágbàṣe, aláta, ẹni tí ó ń fi ọ̀kadà gbé èrò, tí kò bá jáde lónìí, kí ni yóò jẹ lọ́la?

Nítorí náà, ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, ìjọba Tógò dá ètò kan sílẹ̀. Wọ́n pè é ní Novissi. Èdè Èwè ni. Ó túmọ̀ sí pé kí a máa ran ara wa lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba owó náà kò ní láti tò síwájú ọ́fíìsì. Yóò tẹ nọ́ńbà kúkúrú kan lórí tẹlifóònù, yóò fi nọ́ńbà káàdì ìdìbò rẹ̀ síbẹ̀. Bí ó bá yẹ, owó yóò wọlé sórí tẹlifóònù náà. Ní Lómé àti agbègbè rẹ̀, obìnrin ń gba sẹ́fà 12 250 ní oṣù kan, ọkùnrin ń gba sẹ́fà 10 500. Wọ́n fi kún ti obìnrin nítorí pé ọwọ́ obìnrin ni oúnjẹ ilé sábà máa ń wà. Wọ́n pín owó oṣù sí ọ̀nà méjì, ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni wọ́n ń san án. Àwọn tí ó rí owó náà gbà ju ìdajì mílíọ̀nù ènìyàn lọ.

Ètò yìí yá, ó sì mọ́. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé kí a fún òun ní díẹ̀ kí òun tó kọ orúkọ wa sílẹ̀. Ẹni tí ó ti tò síwájú ọ́fíìsì láti àárọ̀ di alẹ́ rí yóò mọ iyì èyí.

3. Báwo ni ẹ̀rọ ṣe mọ ẹni tí ó tòṣì?

Ní apá ìkejì ọdún náà, wọ́n fẹ́ mú owó náà dé àwọn abúlé tí ó tòṣì jù. Ilé iṣẹ́ aláàánú kan tí ń jẹ́ GiveDirectly mú owó wá. Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà. Ìjọba kò ní ìwé tí wọ́n kọ orúkọ gbogbo aláìní sí. Àrùn kò sì jẹ́ kí wọ́n lè rán ènìyàn lọ láti ilé dé ilé. Ta ni yóò gbà? Ta ni kò ní gbà?

Àwọn onímọ̀ láti yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà bá wọn wá ọ̀nà. Ìpele méjì ni wọ́n tẹ̀ lé.

Ìpele kìíní: wọ́n wo ilẹ̀ láti òkè. Àwọn ẹ̀rọ kan ń yí ká ní òkè ọ̀run, wọ́n ń ya àwòrán ayé. Nínú àwòrán náà, a lè rí òrùlé páánù àti òrùlé koríko, a lè rí ọ̀nà tí a da ọ̀dà sí àti ọ̀nà eruku. Láti inú àwòrán bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ṣe ìṣirò ibi tí òṣì pọ̀ sí. Kántọ́n tí ó wà ní Tógò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 400. Wọ́n mú 100 tí ó tòṣì jù nínú wọn.

Ìpele kejì: wọ́n wo bí ènìyàn ti ń lo tẹlifóònù. Wọ́n kọ́kọ́ pe àwọn ènìyàn bí 10 000. Wọ́n béèrè bí wọ́n ti ń jẹ, bí wọ́n ti ń ná owó. Lẹ́yìn náà, wọ́n fún ẹ̀rọ ní ìdáhùn wọn, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ bí wọ́n ti ń lo tẹlifóònù: ìgbà mélòó ni wọ́n ń pe ènìyàn, mégà mélòó ni wọ́n ń rà, èló ni wọ́n ń fi ránṣẹ́. Ẹ̀rọ náà wo gbogbo rẹ̀ títí ó fi rí bí ọ̀kan ti ń bá èkejì rìn. Nígbà tí ó ti mọ̀ ọ́n, wọ́n ní kí ó wo àwọn yòókù tí wọn kò pè, kí ó sọ ẹni tí ó jọ aláìní nínú wọn.

Irú ẹ̀rọ yìí ni a ń pè ní ọgbọ́n àtọwọ́dá. Lórí rédíò, ẹ ń gbọ́ tí wọ́n ń pè é ní IA. Kì í ṣe àǹjọ̀nú. Kò ní ọkàn, kò ní ojú àánú. Ẹ wo ọmọ ọjà tí ó ti dúró ti ìyá rẹ̀ ní ìsọ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Bí oníbàárà kan bá ti ń bọ̀ lókèèrè, ọmọ náà ti mọ̀ bóyá ó máa rà tàbí ó máa kàn nájà lásán. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ ní òfin rẹ̀. Ó ti rí oníbàárà púpọ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣe. Bí ọmọ náà ti lè ṣì í mọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rọ lè ṣì í mọ̀.

Àwọn tí ẹ̀rọ yàn ní àwọn abúlé náà gba owó fún oṣù márùn-ún. Obìnrin gba sẹ́fà 8 620 ní oṣù kan, ọkùnrin gba sẹ́fà 7 450.

4. Ẹni tí ẹ̀rọ kò rí

Ní ọdún 2022, àwọn onímọ̀ náà tẹ àbájáde iṣẹ́ wọn jáde. Wọ́n sọ òtítọ́ méjì, ó sì yẹ kí a mú méjèèjì.

Òtítọ́ kìíní: bí ìjọba bá ti wo agbègbè nìkan, kí wọ́n ní gbogbo ará ibi báyìí ni ó tòṣì, àwọn aláìní tí wọn ìbá gbàgbé ìbá pọ̀ ju àwọn tí ẹ̀rọ gbàgbé lọ. Nípa ti èyí, ẹ̀rọ ṣe dáadáa.

Òtítọ́ kejì: bí ìjọba bá ti ní ìwé gidi, tí wọ́n lọ láti ilé dé ilé láti kọ ọ́, àwọn tí wọn ìbá gbàgbé ìbá kéré sí ti ẹ̀rọ. Nítorí náà, ẹ̀rọ dára ju kí á máa táràrà nínú òkùnkùn, ṣùgbọ́n kò tó ẹni tí ó wọlé tọni wá, tí ó jókòó, tí ó béèrè ọ̀rọ̀.

Ta ni ó ṣeé ṣe kí ẹ̀rọ má rí? Ẹ jẹ́ kí a kà wọ́n.

– Ẹni tí kò ní tẹlifóònù. Òun gan-an sì lè jẹ́ ẹni tí ó tòṣì jù ní abúlé.
– Ẹni tí kò ní káàdì ìdìbò.
– Ẹni tí ó ń bá ọkọ rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ lo tẹlifóònù kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ kò mọ̀ pé ènìyàn méjì ni.
– Ìyá tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń pè láti ìlú ńlá lójoojúmọ́. Ìpè pọ̀ lórí tẹlifóònù rẹ̀, ṣùgbọ́n ìkòkò rẹ̀ lè ṣófo.
– Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà, tí kò lè ka ìdáhùn tí ẹ̀rọ fún un.

Ẹ rí i pé ti ìkẹyìn yìí kàn wá. Nítorí rẹ̀ ni a ṣe wà ní kíláàsì yìí.

Àwọn bàbá wa sọ pé: A-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ̀rọ kì í ṣe òṣìkà, nítorí kò mọ ìkà, kò mọ rere. Ṣùgbọ́n ó dá ẹjọ́ Ìyá Ẹlẹ́kọ láì gbọ́ ti ẹnu rẹ̀. Bí kò bá sí ẹnìkan tí ìyá náà lè tọ̀ lọ láti sọ pé "Ẹ tún ọ̀rọ̀ mi wò," a jẹ́ pé ìkà ti wọlé láì sí ìkà ènìyàn níbẹ̀.

5. Kí ni òfin wá ṣe níbẹ̀?

Ní Tógò, ìjọba ni ó lo ẹ̀rọ, láti fi ṣe rere. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ní ẹ̀rọ irú èyí jù lọ láyé kì í ṣe ìjọba. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ni, bíi Google, àti Meta tí ó ni Facebook àti WhatsApp. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń lo WhatsApp. A kì í san owó fún un, àfi owó mégà. Ǹjẹ́ ẹ ti béèrè rí pé, ibo ni àwọn olówó wọ̀nyí ti ń rí owó wọn?

Owó wọn pọ̀ jù láti inú ìpolówó ọjà. Oníṣòwò ń san owó fún wọn pé kí wọ́n fi ọjà òun han àwọn ènìyàn. Kí wọ́n lè mọ ẹni tí ó yẹ kí wọ́n fi ọjà náà hàn, wọ́n ń kó àkọsílẹ̀ jọ: ọjọ́ orí wa, ibi tí a wà, ohun tí a fẹ́ràn, àwọn tí a mọ̀. Bí àkọsílẹ̀ bá ti pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ọjà wọn ṣe ń tà tó. Àkọsílẹ̀ náà ni wọ́n sì tún fi ń kọ́ àwọn ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n àtọwọ́dá.

Àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí a máa sọ pé àwọn yóò ṣọ́ ara àwọn. Ẹ gbọ́ ohun tí àgbà wí: bí ó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ẹlòmíràn ni yóò gbẹ́ èkù fún un kí ó tó ṣeé dì mú. Èkù ẹ̀rọ ni òfin.

6. Àwọn òfin tí ó wà

Òfin CEDEAO. Ní oṣù Kejì ọdún 2010, àwọn olórí ìlú Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fọwọ́ sí òfin kan ní Àbújá láti dáàbò bo àkọsílẹ̀ nípa ara ẹni. Òfin náà sọ ọ̀rọ̀ kan tí ó yẹ kí gbogbo wa mọ̀. Ó ní ìpinnu tí ó bá lè mú ènìyàn lábẹ́ òfin, a kò gbọdọ̀ fi iṣẹ́ ẹ̀rọ nìkan ṣe é, nígbà tí ẹ̀rọ náà bá ń wo irú ènìyàn tí ẹni náà jẹ́. Ẹ kíyè sí i: ní ọdún 2010, ariwo IA kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó kọ òfin náà ti rí i lókèèrè.

Òfin Bẹ̀nẹ̀. Ìlú wa ti ní òfin lórí ọ̀rọ̀ yìí láti ọdún 2009. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin ọdún 2018, wọ́n fọwọ́ sí ìwé òfin ńlá kan tí ó kó gbogbo ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà, tẹlifóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì jọ. Code du numérique ni wọ́n ń pè é. Nínú rẹ̀, ẹni tí wọ́n bá kọ nǹkan sílẹ̀ nípa rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tí wọ́n kọ. Bí wọ́n bá ṣì í kọ, ó lè ní kí wọ́n tún un ṣe. Ó sì lè ní kí wọ́n pa á rẹ́ nígbà tí òfin bá gbà á. Ọ́fíìsì tí ó ń bójú tó o ń jẹ́ APDP. Kútọnu ni ó wà.

Òfin Tógò. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2019, Tógò náà ṣe òfin tirẹ̀ láti dáàbò bo àkọsílẹ̀ nípa ara ẹni. Ó ku oṣù díẹ̀ kí Novissi bẹ̀rẹ̀.

Òfin Yúróòpù. Ìlú 27 ni ó para pọ̀ níbẹ̀. Ní ọdún 2024, wọ́n ṣe òfin kan tí ó jẹ́ ti ọgbọ́n àtọwọ́dá nìkan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí ní agbára ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ ọdún náà, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń mú àwọn apá rẹ̀ lò. Láti ọjọ́ 2 oṣù Kejì ọdún 2025, àwọn ohun kan ti di èèwọ̀ pátápátá. Kò sí ẹni tí ó gbọdọ̀ fi ẹ̀rọ fún ọmọ ènìyàn ní máàkì lórí ìwà rẹ̀, kí wọ́n sì tìtorí máàkì náà fi ìyà tí kò tọ́ jẹ ẹ́. Kò sí ẹni tí ó gbọdọ̀ máa ṣa àwòrán ojú àwọn ènìyàn jọ káàkiri orí íntánẹ́ẹ̀tì láti fi kọ́ ẹ̀rọ tí ń dá ojú mọ̀. Àwọn ẹ̀rọ mìíràn wà tí wọn kò kà léèwọ̀, ṣùgbọ́n tí wọ́n ní ènìyàn gbọ́dọ̀ máa ṣọ́: ẹ̀rọ tí ń sọ ẹni tí a óò gbà síṣẹ́, ẹni tí a óò yá lówó, ẹni tí yóò gba owó ìrànlọ́wọ́ ìjọba. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ Ìyá Ẹlẹ́kọ wà níbẹ̀.

Ilé iṣẹ́ tí ó bá ṣe ohun tí wọ́n kà léèwọ̀ lè san ìtanràn tó mílíọ̀nù 35 owó yúrò. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bílíọ̀nù 23 sẹ́fà. Tàbí kí wọ́n gba 7 nínú gbogbo 100 tí ilé iṣẹ́ náà pa káàkiri ayé ní ọdún kan, èyí tí ó bá pọ̀ jù. Kí ni ìdí? Bí ẹ bá ní kí olówó san sẹ́fà 1 000, yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì tún ṣe é lọ́la. Ìtanràn gbọ́dọ̀ tó ohun tí ẹni náà yóò mọ̀ lára.

Nàìjíríà. Ẹ má ṣe rò pé aláwọ̀ funfun nìkan ni ó lè bá àwọn ilé iṣẹ́ ńlá wí. Ní oṣù Keje ọdún 2024, ọ́fíìsì ìjọba Nàìjíríà tí ń gbèjà àwọn oníbàárà bu ìtanràn mílíọ̀nù 220 dọ́là lé Meta lórí. Wọ́n ní ó ń lo àkọsílẹ̀ àwọn ará Nàìjíríà láì gba ìyọ̀ǹda wọn bí ó ti tọ́, àti pé kò fi ọwọ́ tí ó fi mú àwọn ará ibòmíràn mú wọn. Meta kọ̀, ó pe ẹjọ́. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, ìgbìmọ̀ tí ó gbọ́ ẹjọ́ náà ní ìtanràn náà tọ́.

7. Òfin jẹ́ idà olójú méjì

Bí a bá yin òfin, kí a má gbàgbé pé òfin náà lè gé ẹni tí kò ṣẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a rántí nǹkan méjì ní ìlú wa.

Ní oṣù Keje ọdún 2018, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ṣe òfin owó-orí tuntun. Gbogbo mégà kan tí ènìyàn bá fi wo Facebook, WhatsApp àti irú wọn, yóò san sẹ́fà 5 lé e. Kì í ṣe àpò àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ni owó náà ti jáde. Àpò ọmọ ilé ìwé àti aláta ni. Ní oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á, mégà wọ́n gógó. Àwọn ènìyàn pariwo. Kí oṣù náà tó parí, ìjọba ti gbé owó-orí náà kúrò. Ẹ̀kọ́ wo ni ó wà níbẹ̀? Ẹni tí ó bá fẹ́ bá erin jà kò gbọdọ̀ yí ọ̀kọ̀ rẹ̀ sí àwọn ará oko. Ẹ̀kọ́ kejì: nígbà tí ìlú sọ̀rọ̀, ìjọba gbọ́.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, ilé ẹjọ́ kan ní Kútọnu fi ìwé òfin ọdún 2018 tí a yìn lókè yìí rán akọ̀ròyìn kan lẹ́wọ̀n, nítorí ọ̀rọ̀ tí ó kọ sórí Twitter. Ó tó oṣù mẹ́fà kí ó tó jáde. Ìwé kan náà ni ó dáàbò bo orúkọ wa, tí ó sì fi akọ̀ròyìn sẹ́wọ̀n. Nítorí náà, kì í ṣe kí a ní òfin nìkan ni ó ṣe pàtàkì. Ó yẹ kí a mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, kí a sì mọ ẹni tí ó di èkù rẹ̀ mú.

8. Kí ni àwa lè ṣe?

Ẹlòmíràn lè sọ pé: "Èmi tí mò ń ta ẹ̀kọ, kí ló kàn mí kan òfin Yúróòpù?" Ó kàn yín díẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ohun wọ̀nyí kàn yín jù:

Ẹ béèrè. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kọ orúkọ yín, nọ́ńbà yín, tàbí kí ó ya àwòrán ojú yín, ẹ ní: Kí ni ẹ fẹ́ fi ṣe? Ta ni yóò rí i? Ọdún mélòó ni ẹ óò fi pa á mọ́?

Ẹ má ṣe fi nọ́ńbà àṣírí owó yín han ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe pé ó ní ìjọba ni ó rán òun.

Bí wọ́n bá fò yín dá nínú ètò kan, ẹ má kàn padà sílé kí ẹ sì máa sunkún. Ẹ béèrè pé: Ènìyàn ni ó yàn, àbí ẹ̀rọ? Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ, ènìyàn wo ni ó ń ṣọ́ ọ? Ọ̀dọ̀ ta ni mo lè gbé ẹjọ́ mi lọ?

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́, ẹ kọ ohun tí ẹ tẹ̀, ẹ kọ ohun tí ẹ̀rọ fi dá yín lóhùn. Ọ̀rọ̀ ẹnu a máa fò lọ. Ẹ ti mọ̀ ọ́n kọ báyìí. Ẹ lò ó.

Ẹ pé jọ. Ohùn ẹnìkan kì í dé Kútọnu. Ohùn ẹgbẹ́ ọlọ́jà, ẹgbẹ́ àgbẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kíláàsì yìí, a máa dé ibẹ̀. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ mégà.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ Ìyá Ẹlẹ́kọ. Kò bú ẹ̀rọ, kò sì kọ owó ìjọba. Ohun kan ṣoṣo ni ó ń wá: ènìyàn kan tí yóò gbọ́ ti ẹnu rẹ̀. Gbogbo òfin tí a kà lónìí, ti Àbújá, ti Kútọnu, ti Lómé, ti Yúróòpù, bí wọn kò bá fún ìyá náà ní ẹni kan láti tọ̀ lọ, wọn kò tíì ṣe iṣẹ́ wọn.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó le

Ọgbọ́n àtọwọ́dá: ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tí ó ń wo àpẹẹrẹ púpọ̀, tí ó sì ń ti inú wọn mọ ohun tí yóò sọ nípa ohun tuntun.

Àkọsílẹ̀ nípa ara ẹni: ohunkóhun tí a kọ sílẹ̀ tí a lè fi mọ ẹnì kan: orúkọ, nọ́ńbà, àwòrán, ibi tí ó ń gbé.

Kántọ́n: àwọn abúlé tí ó wà lábẹ́ olórí kan ní Tógò.

Ìtanràn: owó tí òfin ní kí ẹni tí ó ṣẹ̀ san.

Ìyọ̀ǹda: kí ènìyàn mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, kí ó sì gbà á tinútinú.

Ìbéèrè

1. Kí ni ìtumọ̀ Novissi? Ọdún wo ni ó bẹ̀rẹ̀?
2. Ìpele méjì wo ni wọ́n tẹ̀ lé láti yan àwọn tí yóò gba owó ní abúlé?
3. Dárúkọ ènìyàn mẹ́ta tí ẹ̀rọ lè má rí. Ǹjẹ́ irú wọn wà ní àdúgbò yín?
4. Kí ni òfin CEDEAO ti ọdún 2010 sọ nípa ìpinnu tí ẹ̀rọ nìkan bá ṣe?
5. Kí ni ìdí tí a fi sọ pé òfin jẹ́ idà olójú méjì?

Ìṣirò

1. Obìnrin kan ní Lómé gba sẹ́fà 12 250 ní oṣù kan, ní ọ̀nà méjì. Èló ni ó gbà ní ọ̀nà kọ̀ọ̀kan?
2. Obìnrin kan ní abúlé gba sẹ́fà 8 620 lóṣooṣù fún oṣù márùn-ún. Èló ni gbogbo rẹ̀? Ọkọ rẹ̀ gba sẹ́fà 7 450 lóṣooṣù fún oṣù márùn-ún. Èló ni ti tọkọtaya náà lápapọ̀?
3. Bí owó-orí mégà ọdún 2018 bá wà síbẹ̀, èló ni ẹni tí ó lo mégà 1 000 lórí WhatsApp ìbá san lé e?

(Ìdáhùn: 1. Sẹ́fà 6 125. 2. Sẹ́fà 43 100; tọkọtaya, sẹ́fà 80 350. 3. Sẹ́fà 5 000.)

Iṣẹ́ àṣetiléwá

Ẹ kọ ìwé kúkúrú kan fún Ìyá Ẹlẹ́kọ, kí ó fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì tí ó ń bójú tó ètò owó náà. Ẹ sọ orúkọ abúlé, ọjọ́ tí ó tẹ nọ́ńbà, àti ìdáhùn tí ó rí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìkíni, ẹ sọ ẹjọ́ náà ní gbólóhùn mẹ́ta, kí ẹ sì parí rẹ̀ báyìí: "Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí ènìyàn kan tún ọ̀rọ̀ mi wò." Ní ọjọ́ tí a óò tún pàdé, oníkálukú yóò dìde ka tirẹ̀ sétígbọ̀ọ́ gbogbo kíláàsì.